ÌBỌN MÉLÒÓ LÓ TI GBA ARÁ BADIA LÀ?

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjọ́rà Badia, ẹ̀yin ará Amúkòkò, ará Sàrí, ará Òrílé Ìgànmú, àti ẹ̀yin ti Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a jọ yẹ̀ wò kí ìpolongo ìbò tó gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni.

Ibi yòówù kí ènìyàn dúró sí nísinsìnyí, ìbáà ṣe ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ìbáà ṣe níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń dúró de èrò, ohun tí ẹ ó máa gbọ́ ni pé: "Kí ìjọba jẹ́ kí olúkúlùkù ní ìbọn tiẹ̀, olè á sinmi." Àwọn olóṣèlú ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí aráàlú, wọ́n sì ti dì í ní gàárì, wọ́n ń gùn ún kiri. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọ̀gágun Danjuma tó ti fẹ̀yìn tì sọ ọ́ ní Jalingo pé kí àwọn ènìyàn dìde gbèjà ara wọn, kí wọ́n má gbójú lé sójà. Ní oṣù kẹfà 2022, ìjọba Gómìnà Bello Matawalle ní Zamfara sọ fún àwọn ará ìpínlẹ̀ náà pé kí wọ́n múra láti ní ìbọn. Ní 2024, Sẹ́nétọ̀ Ned Nwoko láti ìpínlẹ̀ Delta gbé àbá lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà pé kí wọ́n tún òfin ìbọn ṣe, kí ará ìlú lè máa fi ìbọn dáàbò bo ara rẹ̀.

Kí n má purọ́ fún yín, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ tiwa yìí náà ń sọ ọ́. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ sínú ìlérí wa fún ìbò tó ń bọ̀, pé yóò kó ìbò Badia wá fún wa bí ẹni kó àgbàdo. Èmi kò fara mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ ní ìpàdé, wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù, kí ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn lè ṣe ìdájọ́.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí ènìyàn na ọrùn fún olè kó bẹ́ ẹ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní ìsọ̀rí 33, gbà pé ènìyàn lè fi ipá tó mọ níwọ̀n gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ẹ̀mí ẹlòmíràn, àti dúkìá pàápàá. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀tọ́ náà. Ohun tí mo ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ìgbà mélòó ni ìbọn ń gba ènìyàn là ní tòótọ́? Ẹni tó bá fẹ́ ta oògùn fún wa, ṣé kò yẹ ká bi í pé iye ènìyàn wo ló ti lò ó tó sàn?

Àwọn oníbọn ní nọ́ńbà kan tí wọ́n máa ń fọ́n bí oníjúujú. Wọ́n á ní ní Amẹ́ríkà, ìgbà mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ni ìbọn ń gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ olè lọ́dọọdún. Mo gbọ́ ọ títí, mo wá lọ wá ìdí rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìṣirò ibẹ̀ kò le ju ìṣirò àjọ èésú lọ.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Gary Kleck àti Marc Gertz, ní ipínlẹ̀ Florida, ni wọ́n ní kí wọ́n pe nǹkan bí 5,000 ènìyàn lórí tẹlifóònù ní 1993. Wọ́n bi olúkúlùkù bóyá ó ti fi ìbọn gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni ibi. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1995. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n bi, bí ẹni 66 ló ní ó ṣẹlẹ̀ sí òun láàárín ọdún kan. Kò pé ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wá mú ìdá yìí, wọ́n fi bá iye gbogbo àgbàlagbà tó wà ní Amẹ́ríkà ṣirò, ó sì di mílíọ̀nù méjì ààbọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò ọjà. Ká ní nínú 5,000 yẹn, ẹni 50 péré ló fọ́nnu, tàbí tó ṣi ọdún rántí, tó mú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wọ inú ọdún tí wọ́n ń bèèrè. Ẹni kan nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Àdúgbò wo ni wọn kò ti ní ọ̀kan tó ń fọ́nnu nínú ọgọ́rùn-ún? Ẹ yọ 50 kúrò nínú 66, 16 ló kù. Mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ á rọ wálẹ̀ di bí ọgbọ̀n ọ̀kẹ́, ìyẹn 600,000. Ẹni àádọ́ta ló gbé gbogbo ìyókù yẹn dúró!

David Hemenway, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, tún wo ó láti ibòmíràn. Ó ní bí ìṣirò yẹn bá jóòótọ́, á jẹ́ pé àwọn ọ̀daràn tí àwọn onílé yìnbọn bà lọ́dún kan ju 200,000 lọ. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tí ọta bà tó dé ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àtolè àtolóòótọ́, jẹ́ nǹkan bí 100,000. Níbo ni àwọn olè yòókù wá gbé ọgbẹ́ wọn lọ? Ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ń ṣe láti ilé dé ilé, tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń bèèrè bóyá ọ̀daràn tilẹ̀ ṣe ọ́ ní ibi kí wọ́n tó bèèrè ohun tí o fi gba ara rẹ, nǹkan bí 60,000 sí 100,000 ló máa ń rí lọ́dún. Ẹ wo bí ó ṣe jìnnà sí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, bí Badia ṣe jìnnà sí Badagry.

Kleck fèsì, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó yìnbọn tí kò ní ìwé àṣẹ kò ní jẹ́wọ́ fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, mo ṣì ń bọ̀ wá sórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Hemenway àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún mú ìtàn tí àwọn ènìyàn sọ fún wọn, àwọn tó ní àwọn fi ìbọn gbèjà ara wọn, wọ́n kó o fún adájọ́ márùn-ún láti yẹ̀ wò. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní 2000. Àwọn adájọ́ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìtàn náà dà bí ẹni pé ó lòdì sófin, bí a tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹni tó sọ ọ́ gbọ́. Ìjà ni. Ẹnìkan bú ẹnìkan, èkejì fa ìbọn yọ, ó délé ó ní òun gba ara òun là.

Ta ni kò mọ irú ìyẹn ní àdúgbò wa? Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn bá kojú ara wọn, ẹ bi ìhà méjèèjì. Kò sí ìhà kan tí yóò ní òun ló kọ́kọ́ ṣe é. Gbogbo wọn ló ń gbèjà ara wọn! Bí a bá ní kí a máa kà á, ìjà kan á di ìgbàlà méjì, òkú á sì wà nílẹ̀ láàárín.

Mo tilẹ̀ dán an wò fúnra mi. Ní ìpàdé wọ́ọ̀dù kan, nígbà tí àríyànjiyàn yìí le, mo bi àwọn tó jókòó, wọ́n á tó ogójì: "Ta ni ìbọn ti gbà lọ́wọ́ olè rí nínú yín?" Ẹni mẹ́rin nawọ́. Mo ní kí wọ́n rò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kìn-ín-ní sọ ti òru ọjọ́ kan tí ọlọ́dẹ àdúgbò yin ṣakabùlà sókè, tí àwọn ọmọkùnrin kan sì sá gba ojú irin rélùwéè lọ. Ẹni kejì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, àṣé òru kan náà ni, ojúlé kejì ló ń gbé. Ẹni kẹta, ìyàwó ẹni kejì ni. Ẹni kẹrin ní tòun, òun gbọ́ ìró ìbọn lóru, ilẹ̀ mọ́, wọn ò jí nǹkan kan nílé òun, nítorí náà ìbọn ló gba òun. A wá ọlọ́dẹ náà kàn. Bàbá ní òun ò rí olè kankan lóru ọjọ́ yẹn, ajá ló gbó, òun bá yìn ín sókè kí àwọn tó ń sanwó fún òun lè mọ̀ pé òun ò sùn. Ní ti àwọn ọmọkùnrin tó sá, ó ní ìró ìbọn ọ̀hún ló lé wọn, wọ́n ń ti òde bọ̀ ni. Àwọn tó nawọ́ kò purọ́ o. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọ́n sọ.

Ní Nàìjíríà wa ńkọ́? Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Òfin ìbọn tó wà nílẹ̀ láti 1959 ní bí o bá fẹ́ ní ìbọn ọdẹ òyìnbó, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni yóò fún ọ ní láíṣẹ́ǹsì. Òfin tí ìjọba sójà ṣe ní 1984 ní ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò láṣẹ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí kó san ₦20,000, tàbí méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí Small Arms Survey tó jáde ní 2018 fojú bù ú pé ìbọn tó wà lọ́wọ́ aráàlú ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ta ni nínú àwọn oníbọn wọ̀nyí ni yóò rìn dé tẹ́ṣàn láti sọ pé, "Ọ̀gá, mo fi ìbọn tí n kò ní ìwé rẹ̀ lé olè lánàá"? Àní ẹni tí wọ́n jà lólè gan-an kì í lọ. Àjọ Oníṣirò ti ìjọba àpapọ̀ ṣe ìwádìí ìwà ọ̀daràn tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kejìlá 2024. Ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n ní olè fipá wọ̀ láàárín ọdún kan, èyí tí wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí kò ju bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá dìde lórí pèpéle tó ní ìbọn yóò gba iye ènìyàn báyìí là ní Nàìjíríà, ẹ bi í pé ta ló kà á fún un.

Ohun tí èmi lè kà ni ilé wa. Ilé Badia, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ ọ́n. Pákó àti páànù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, lórí ilẹ̀ àbàtà tí a fi pàǹtírí àti ìyẹ̀fun pákó dí kó tó ṣeé tẹ̀. Àwọn tó jẹ́ bíríkì náà, yàrá mẹ́wàá ló kojú síra wọn. Bí ẹnìkan bá wúkọ́ ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní ìkẹta á kí i pẹ̀lẹ́. Ọta ìbọn kò mọ̀ pé ogiri pákó ni òpin ilé rẹ. Ó gba inú yàrá rẹ, ó gba yàrá Ìyá Sikirá, ó bá ọmọ tó sùn lórí ẹní. Ní Ìkòyí, onílé lè yìnbọn láti fèrèsé kí ọta náà wọ inú ọgbà òdòdó. Níbo ni ọgbà òdòdó tiwa?

Àti pé níbo lẹ fẹ́ gbé ìbọn náà sí? Ẹni méje ló ń sùn nínú yàrá kan. Bí ẹ bá tì í mọ́nú àpótí, kí ẹ tó wá kọ́kọ́rọ́ rí nínú òkùnkùn tí iná mànàmáná dá sílẹ̀, olè ti ṣe tán. Bí ẹ bá tì í bọ abẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ọta nínú, ọmọ yín ni yóò kọ́kọ́ rí i. Ìwọ tí o wá ní ìbọn, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé o ní in, ohun tí olè máa wá gbà nílé rẹ ti yí padà. Kò wá fún tẹlifóònù mọ́. Ìbọn ló ń bọ̀ wá gbà, yóò sì wá ní ìmúra.

Ẹ rántí àwọn òru tí a ti rí. Ní 2012, nígbà tí àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní One Million Boys da Ajégúnlẹ̀ láàmú, ìbẹ̀rù gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kẹrin 2020, nígbà tí kòrónà ti gbogbo Èkó mọ́lé, orúkọ yẹn kan náà tún jáde. Àwọn ènìyàn sun táyà, wọ́n mú àdá, wọ́n fi òru ṣe ọ̀sán láti Agége títí dé Sango Ọ̀tà. Ọ̀pọ̀ nínú ariwo náà jẹ́ àhesọ. Àdúgbò kan á ní wọ́n ń bọ̀, èkejì á tú jáde, àwọn méjèèjì á pàdé ara wọn nínú òkùnkùn. Ká ní ìbọn wà ní gbogbo ojúlé lóru wọ̀nyẹn, ẹ̀yin náà ẹ fọkàn rò ó. Ní Ìkòròdú, ní oṣù keje 2017, nígbà tí ẹ̀rù àwọn Badoo ń ba gbogbo ènìyàn, àwọn ará àdúgbò mú aláwàdà kan àti àwọn tó bá a rìn, wọ́n ní Badoo ni wọ́n, wọ́n pa wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo. Àwọn tó pa wọ́n gbà pé ara wọn ni àwọn ń gbèjà. Nínú ìṣirò ta ni a ó kọ ìyẹn sí?

Mo mọ ohun tí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Ẹ ó ní Igangan ńkọ́? Ẹ ó ní Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni, ó sì dun gbogbo wa. Lóru ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ya wọ Igangan ní Ìbàràpá, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sun ilé. Ọdún kan géérégé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2022, ni wọ́n ya wọ ìjọ Àgùdà ní Ọ̀wọ̀, bí ogójì ènìyàn ló kú. Ẹni tó ń gbé etí igbó, tí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá jìnnà sí, tí apànìyàn ń bá jà pẹ̀lú AK-47, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, n kò sì ní bá a jiyàn láti Ìjọ́rà níbí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí olóògbé Rotimi Akeredolu béèrè ní 2022 lẹ́yìn ìpànìyàn Ọ̀wọ̀. Àmọ̀tẹ́kùn ló ní kí wọ́n fún ní ìbọn tó pójú owó, àwọn tí ìjọba forúkọ wọn sílẹ̀, tí wọ́n kọ́, tí wọ́n ń wọ aṣọ iṣẹ́, tí ọ̀gá kan ń dáhùn fún. Kò ní kí gbogbo bàbá onílé ní Ọ̀wọ̀ lọ ra tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó tilẹ̀ yẹ ká máa bá ìjọba fà wà nítòsí wa, ẹ na ọrùn kẹ́ ẹ wò ó. Ní 22 oṣù kìn-ín-ní 2017, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù dá ọkọ̀ kan dúró lọ́nà Mile 2. Ìbọn pọ́ǹpù ákíṣọ̀n 661 ló wà nínú kọ̀ǹténà, ó sì ti jáde kúrò ní èbúté Àpápá. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, 440 ní Tin Can. Ní oṣù kẹsàn-án, 1,100, Tin Can náà ni. Oṣù kan náà kò tíì parí tí wọ́n tún fi rí 470. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 2,671 ìbọn láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ní èbúté tí ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ ń dí wa lọ́nà lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n rí nìyẹn. Ìwé tí Àgbà Ayẹ̀wé-owó-wò fún ìjọba àpapọ̀ kọ lórí ọdún 2019 sì ní ìbọn 178,459 ló ti sọnù lọ́wọ́ ọlọ́pàá fúnra wọn. Ìjọba tí kò lè ka ìbọn tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá rẹ̀, òun ni ẹ fẹ́ kó máa ka èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn yín?

Ẹgbẹ́ kan náà, tó kàn ń pààrọ̀ orúkọ bí ẹni pààrọ̀ agbádá, ló ń ṣèjọba Èkó láti 1999. Wọ́n dá àpò owó ààbò sílẹ̀ ní 2007, wọ́n ṣòfin àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ní 2016. A kì í bá wọn sọ pé wọn ò mọ òfin ṣe. Ẹ bi wọ́n pé alẹ́ mélòó ni ẹ̀ṣọ́ ń rìn kọjá ní Badia, kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn. Wọ́n mọ ọ̀nà Badia dáadáa nígbà tí wọ́n bá fẹ́. Ní 23 oṣù kejì 2013, wọ́n rọ́nà gbé katapílà wọlé, ọlọ́pàá tó dìhámọ́ra tẹ̀lé wọn, bí 9,000 ènìyàn ló di aláìnílé ní Badia East. Kò sí ìbọn tí onílé kan ìbá yọ lọ́jọ́ yẹn tí kì bá pa òun fúnra rẹ̀. Àwọn tó rí owó díẹ̀ gbà lẹ́yìn náà, ìwé ẹ̀sùn tí aráàlú kọ sí Báńkì Àgbáyé ló gbà á fún wọn, torí pé owó báńkì náà wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń ṣe fún Badia. Ẹ mọ̀ pé orúkọ olúkúlùkù àti iye yàrá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ìkànìyàn tòótọ́ nìyẹn.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, mo ti fi èrò mi lélẹ̀ níwájú àwọn àgbà wọ́ọ̀dù: kí a yọ ìlérí ìbọn kúrò, kí a kọ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Iná ojú títì láti ẹ̀gbẹ́ rélùwéè wọ inú Badia, tí kò ní kú lẹ́yìn ìbò. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá lè gbà wọlé lójò, nítorí ọ̀pọ̀ ibi ló wà tó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ló ń dé e. Àti ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí àwọn ará àdúgbò fọwọ́ sí kí wọ́n tó gbà á, tí yóò máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lóru sínú ìwé ńlá kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò láàárọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan a ó mọ iye olè tó wá, iye tí a lé, àti ohun tí a fi lé wọn.

Àwọn olùdíje ń bọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀, tiwa àti tiwọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dárúkọ ìbọn, ẹ ní kó sọ ilé tirẹ̀ àti iye ògiri tó yí i ká fún yín, kí ẹ sì ní kó wá sun òru kan péré ní Badia, ní yàrá àárín, kí àwọn aládùúgbò ọ̀tún àti òsì ní ṣakabùlà lọ́wọ́.